Yaa Asantewaa ti Ejisu: bí ogun ọdún 1900 ṣe lọ gan-an

Ìbéèrè: "Olùkọ́ ìtàn ni mí nílé ẹ̀kọ́ girama. Àwọn ọmọ kíláàsì mi fẹ́ ṣe eré lórí Yaa Asantewaa, ọbabìnrin Asante tó bá òyìnbó jagun. Ìwé tí mo rí kò ju ojú ewé kan lọ: ó sọ̀rọ̀, àwọn ọkùnrin gbọ́, wọ́n jagun, ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ṣé lóòótọ́ ló jẹ́ ọbabìnrin gbogbo Asante? Ṣé òun fúnra rẹ̀ ló ṣáájú ogun? Báwo ni wọ́n ṣe ja ogun náà, kí ló sì dé tí wọ́n fi ṣẹ́gun rẹ̀?"

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ kíkọ́ o, olùkọ́. Orí oyè rẹ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Bí oyè náà kò bá yé àwọn ọmọ, gbogbo ogun yìí á kàn dà bí ìbínú ìyá àgbà kan lójú wọn.

Yaa Asantewaa kì í ṣe ọbabìnrin gbogbo Asante. Ẹni tó wà lórí oyè yẹn, Asantehemaa, ni Yaa Akyaa, ìyá Prempeh Kìíní tó jẹ́ ọba gbogbo Asante. Òyìnbó sì ti kó tìyá-tọmọ lọ láti ọdún 1896. Ejisu ni Yaa Asantewaa ti joyè, ìlú kan tó tó nǹkan bíi kìlómítà 20 sí Kumasi, lápá ìlà-oòrùn. Ìlú púpọ̀ ló para pọ̀ di Asante, ìjọba kan níbi tí à ń pè ní Ghana lónìí, olúkúlùkù ló ní ọba tirẹ̀, Asantehene tó wà ní Kumasi sì ni gbogbo wọn ń wárí fún. Nínú ìlú kọ̀ọ̀kan, ọba ọkùnrin wà, ohemaa sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ohemaa kì í ṣe ìyàwó ọba. Ó lè jẹ́ ìyá rẹ̀, ó lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tàbí ìyá tó bí ìyá rẹ̀, nítorí ìdílé ìyá ni wọ́n fi ń jogún oyè níbẹ̀. Òun ló mọ ẹni tó jẹ́ ọmọ bíbí inú ìdílé, nígbà tí ìtẹ́ bá sì ṣófo, òun ló ń fa ẹni tí yóò gùn ún kalẹ̀ fún àwọn ìjòyè. Ó ní àga oyè tirẹ̀, ó ní àwọn ìránṣẹ́ tirẹ̀, ó ń jókòó ní ìgbìmọ̀, ó sì lè bá ọba wí lójú gbogbo ènìyàn. Ìyálóde lọ́dọ̀ tiwa ń gbẹnu sọ fún àwọn obìnrin ìlú. Ohemaa ju ìyẹn lọ, torí ọwọ́ rẹ̀ ni oyè ọba ti ń jáde.

Nǹkan bí ọdún 1840 ni wọ́n bí i ní Besease, nítòsí Ejisu. Àgbẹ̀ ni. Ó lọ́kọ, ó sì bí ọmọbìnrin kan. Arákùnrin rẹ̀ tó jọba Ejisu ló fi í joyè ohemaa láàárín ọdún 1880 sí 1890. Sáà yẹn gan-an ni Asante ń ba ara wọn jà lórí ẹni tí yóò jẹ Asantehene. Láti 1883 títí di 1888 ni ogun abẹ́lé náà fi jà, ó sì dá ọgbẹ́ kan sílẹ̀ tí kò tíì jinná nígbà tí òyìnbó dé. Nígbà tí arákùnrin rẹ̀ kú ní 1894, Yaa Asantewaa lo ẹ̀tọ́ rẹ̀, ó fa ọmọ-ọmọ rẹ̀ kalẹ̀, ọmọ náà sì di ọba Ejisu. Kò tó ọdún méjì tí òyìnbó fi mú ọmọ náà pẹ̀lú Prempeh, tí wọ́n kó wọn lọ sí Elmina, lẹ́yìn náà sí Freetown, tí wọ́n sì kó wọn dé erékùṣù Seychelles ní 1900. Bí ìtẹ́ Ejisu ṣe ṣófo nìyẹn, tí ohemaa sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìjọba fúnra rẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi ní ọmọ ogun tó lè pàṣẹ fún. Kò sí ẹni tó ṣe é ní ojú rere kó tó dá sí ọ̀rọ̀ ogun, nítorí ní Ejisu òun ni ìjọba.

Ó yẹ kí àwọn ọmọ yín mọ ẹni tó kó ogun wọ Kumasi ní oṣù Kìíní ọdún 1896, nítorí ọ̀rọ̀ náà kàn wá. Francis Scott ni, ọ̀gá ológun òyìnbó kan. Òun náà ló fi ìbọn Maxim, ìbọn tó ń yìn léraléra fúnra rẹ̀, tú Ìjẹ̀bú ká ní Ìmàgbọn ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892. Àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ń pè ní Hausa, tí wọ́n kó láti Gold Coast (Ghana òde òní), wà lára àwọn tó bá a ja Ìjẹ̀bú. Ṣáájú ìyẹn, ní ogun 1873 sí 1874, John Glover tó ti jẹ́ olórí ìjọba Èkó kó Hausa àti Yorùbá láti Èkó lọ bá Asante jà. Bí òyìnbó ṣe ń ṣe é nìyẹn: ọmọ ìhín ni wọ́n fi ń mú ọ̀hún, ọmọ ọ̀hún ni wọ́n fi ń mú ìhín. Ẹ máa rí i pé ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ ní 1900.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó dá ìjà sílẹ̀. Nígbà tí ogun 1874 parí, lẹ́yìn tí wọ́n ti dáná sun Kumasi, wọ́n ní kí Asante san 50,000 ọ́ńsì wúrà gẹ́gẹ́ bí owó ìtánràn. Gbèsè yìí ni wọ́n ń fà káàkiri fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 1900, Gómìnà Frederick Hodgson pe àwọn ọba àti ìjòyè jọ ní Kumasi, ó ní Prempeh kò ní padà wá mọ́, ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ máa san owó lórí gbèsè náà, ó sì wá bi wọ́n pé Àga Wúrà dà, kí ló dé tí wọn kò gbé e wá kí òun jókòó lé e.

Àga Wúrà yìí, Sika Dwa Kofi, kì í ṣe àga tí ẹnikẹ́ni ń jókòó lé. Asantehene fúnra rẹ̀ kì í jókòó lé e. Ìtàn wọn ni pé àlùfáà wọn, Okomfo Anokye, ló pè é sọ̀ kalẹ̀ láti ojú ọ̀run nígbà ayé Osei Tutu, Asantehene àkọ́kọ́, pé inú rẹ̀ ni ẹ̀mí gbogbo Asante wà. Wọ́n fi agogo kọ́ ọ lára, òun gan-an ní àga tí wọ́n ń gbé e lé, kì í sì í fara kan ilẹ̀. Ohun tí Hodgson béèrè dà bí ìgbà tí àlejò bá dé ààfin, tó ní kí wọ́n bọ́ adé ìlẹ̀kẹ̀ fún òun kí òun bojú wo inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọba tó ni ín kò gbọdọ̀ wò ó. Àwọn tó wà níbẹ̀ dákẹ́, wọ́n sì túká. Gómìnà rò pé ìbẹ̀rù ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́.

Ìtàn ẹnu sọ pé ní ìpàdé alẹ́ tó tẹ̀ lé e, nígbà tí àwọn ìjòyè kan ń sọ pé kí wọ́n lọ bẹ òyìnbó, Yaa Asantewaa dìde. Kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé bí àwọn ọkùnrin Asante kò bá ní lè jà, àwọn obìnrin yóò jà. Oríṣiríṣi ni àwọn ènìyàn ti ń gbà sọ ọ̀rọ̀ yìí láti ìgbà náà, olúkúlùkù ló sì ń fi tirẹ̀ kún un. Fún eré yín, ẹ jẹ́ kó ṣe ṣókí. Ohemaa tó ní ẹ̀tọ́ láti bá ọba wí kò nílò láti pariwo. Ẹni ọgọ́ta ọdún sì ni nígbà náà, ẹ má fi ọ̀dọ́mọbìnrin ṣe é.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, Hodgson rán Captain Armitage pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun lọ wá Àga náà nínú ìgbẹ́ níhà Bare. Àwọn Asante dá wọn lọ́nà, wọ́n yìnbọn fún wọn, àwọn ọmọ ogun náà sì padà lọ́wọ́ òfo. Asante gé wáyà tẹlígíráàfù. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin, Kumasi ti wà nínú ìsàgatì.

Ibi tí àwọn ìwé kéékèèké máa ń fò kọjá nìyí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n ogun náà wà. Ilé olódi tí òyìnbó kọ́ sí Kumasi lẹ́yìn 1896 jẹ́ ilé òkúta oníigun mẹ́rin, igun kọ̀ọ̀kan ní ilé ìṣọ́ tirẹ̀, Maxim kan sì wà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ní ìbọn ṣakabùlà nìkan kò lè sáré lọ bá irú ilé bẹ́ẹ̀. Àgbá tí yóò wó ògiri rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ Asante. Nítorí náà wọ́n yàn láti febi pa àwọn tó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì fi odi igi dí gbogbo ọ̀nà tó wọ ìlú.

Bí wọ́n ṣe ń mọ odi igi náà rèé. Wọ́n á gé ìtì igi ńláńlá, wọ́n á tò ó ní ìlà méjì kọjú síra, wọ́n á fi okùn àti wáyà tẹlígíráàfù tí wọ́n gé so wọ́n pọ̀, wọ́n á wá fi erùpẹ̀ àti òkúta kún àárín rẹ̀ tí yóò fi ki dáadáa. Gíga rẹ̀ á tó ènìyàn tó nàró. Wọ́n á dá ihò tí ẹnu ìbọn lè yọ sí. Ẹ̀yìn odi náà ni àgọ́ ogun máa ń wà, ahéré lóríṣiríṣi, oúnjẹ àti ẹ̀tù. Wọn kì í mọ ọ́n sí gbangba. Ibi tí ọ̀nà bá ti yà ni wọ́n máa ń mọ ọ́n sí, wọn kò sì ní ro igbó tó wà níwájú rẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ má bàa rí i títí yóò fi dé ìtòsí. Ó nídìí. Ọta ṣakabùlà kì í lágbára jìnnà, bí ọ̀tá bá wà ní ọgọ́rùn-ún mítà, ariwo ìbọn lásán ni yóò gbọ́. Àmọ́ bí wọ́n bá jẹ́ kó súnmọ́ tó nǹkan bí ọgbọ̀n mítà, ìbọn ọgọ́rùn-ún tó dún lẹ́ẹ̀kan náà yóò da ìlà àwọn ọmọ ogun rú. Ọta àgbá òyìnbó sì ń wọ inú erùpẹ̀ odi náà, ó ń kú síbẹ̀.

Captain Aplin tó kó 250 ọmọ ogun ìjọba Èkó wá ló kọ́kọ́ tọ́ odi wọ̀nyí wò. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin ló wọ Kumasi, púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn rẹ̀ ló sì ti gbọgbẹ́. Ìrànlọ́wọ́ tó mú wá di ẹnu tí yóò jẹun. Ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún, Major Morris tún dé láti apá àríwá pẹ̀lú 230 mìíràn. Oúnjẹ kò pọ̀ sí i. Òjò dé, ìgbóná bẹ̀rẹ̀ sí í jà láàárín àwọn tó sá wá sábẹ́ ògiri ilé olódi náà, ebi sì ń pa wọ́n kú lójoojúmọ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ètò Yaa Asantewaa ṣiṣẹ́, ó ṣiṣẹ́.

Ẹ béèrè bóyá òun fúnra rẹ̀ ló ṣáájú. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá ogun sílẹ̀, láti kó àwọn ọba tó gbà pọ̀, láti wá ẹ̀tù àti oúnjẹ, láti máa rìn láti àgọ́ dé àgọ́, láti pàṣẹ ibi tí wọ́n á ti dúró. Àwọn balógun ló ń ṣáájú ìjà, irú Kofi Kofia. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọba ńlá ṣe ń jagun níbẹ̀, ìyẹn kò dín in kù. Àwọn obìnrin náà kò jókòó: àwọn ló ń gbé oúnjẹ lọ sí àgọ́. Wọ́n tún ní àṣà kan tí wọ́n ń pè ní mmomomme. Nígbà tí ọkùnrin bá wà lójú ogun, àwọn obìnrin á fi ẹfun kun ara, wọ́n á máa tò yí ìlú ká pẹ̀lú orin, wọ́n á máa gún odó òfìfo, kí ogun lè ṣẹ́, kí ojú sì ti ọkùnrin tó bá sá wálé. Bí ẹ bá ní ọmọbìnrin púpọ̀ ní kíláàsì, iṣẹ́ wọn nìyẹn lórí ìtàgé.

Kí ló wá bà á jẹ́? Àkọ́kọ́ ni pé Asante kò ṣọ̀kan. Ọgbẹ́ ogun abẹ́lé yẹn ṣì wà. Bekwai dúró ti òyìnbó, Juaben náà dúró tì wọ́n, ọba Mampong pàápàá wà nínú ilé olódi pẹ̀lú Gómìnà. Kokofu àti Adansi jà ní tiwọn, ṣùgbọ́n Bekwai wà lójú ọ̀nà tó ti etíkun wá. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń bọ̀ wá gba Kumasi ti rí ibi sinmi, ibi kó ẹrù sí, àti oúnjẹ. Ìsàgatì tí ọ̀rẹ́ ọ̀tá wà lẹ́yìn rẹ̀ kò lè pẹ́.

Èkejì, odi kan kò lágbára tó. Ní òwúrọ̀ kùtù ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà, Hodgson àti ìyàwó rẹ̀ àti nǹkan bí 600 ọmọ ogun gba ọ̀nà Patasi ní ìwọ̀-oòrùn, níbi tí odi àti àwọn tó ń ṣọ́ ọ kò ti pọ̀. Wọ́n pàdánù ènìyàn, ṣùgbọ́n wọ́n bọ́. Wọ́n fi nǹkan bí 100 ọmọ ogun sílẹ̀ nínú ilé olódi lábẹ́ Captain Bishop. Bí àwọn tó wà ní ọ̀nà Patasi bá pọ̀ tó ti àwọn ọ̀nà yòókù, ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ Asante tẹ Gómìnà, kí wọ́n sì fi í gba Prempeh padà.

Ẹ̀kẹta ló dé láti ọ̀dọ̀ wa. Jẹ́bà, lẹ́bàá odò Ọya, ni Colonel James Willcocks wà nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pè é. Ó dé Cape Coast ní òpin oṣù Karùn-ún, àwọn ọmọ ogun láti Nàìjíríà sì ń tẹ̀ lé e wá. Ó ju kìlómítà 200 lọ láti etíkun dé Kumasi, odò Pra ti kún, ẹrù gbogbo ni wọ́n ń fi orí rù, aláàárù kò sì tó. Ọgbọ́n tó lò yẹ ní kíkọ́. Nígbà tó dé Bekwai, ó jẹ́ kí ìròyìn tàn pé Kokofu ni òun fẹ́ kọlù. Asante kó àwọn ènìyàn wọn lọ síbẹ̀. Òun sì gba ọ̀nà Pekki, ó fi Kokofu sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wọ Kumasi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 15 oṣù Keje. Ebi ti sọ àwọn tó bá nínú ilé olódi di ẹni tí kò lè dúró dáadáa.

Ní ti odi igi, Willcocks àti àwọn ọ̀gá ogun rẹ̀ dáwọ́ yíyìn-ín-kí-n-yìn-ọ́ dúró. Ẹ ro bí a ṣe ń ki ṣakabùlà: ẹ̀tù wọlé, a fi ọ̀pá gún un, ọta wọlé, a tún gún un, a da ẹ̀tù sí ojú iná, ká tó wá yìn ín. Ìdajì ìṣẹ́jú á lọ. Àwọn òyìnbó jẹ́ kí ìró ìbọn àkọ́kọ́ kọjá, wọ́n rán àwọn kan gba inú igbó lọ sí ẹ̀gbẹ́ odi, àwọn yòókù sì fi ọ̀bẹ ẹnu ìbọn sáré sí i kí wọ́n tó ki ìbọn tán. Asante kò ní irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ìbọn tiwọn. Bí wọ́n ṣe gba Kokofu nìyẹn ní òpin oṣù Keje. Àwọn ọmọ ogun mìíràn tún dé láti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà pẹ̀lú àwọn Sikh ará Íńdíà. Ìjà ńlá tó kẹ́yìn wáyé ní Obassa ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án, Asante jà gan-an níbẹ̀, wọ́n sì fọ́n ká.

Ọwọ́ tẹ Yaa Asantewaa nígbẹ̀yìn, wọ́n sì fi ọkọ̀ gbé e lọ sí Seychelles ní 1901 pẹ̀lú àwọn ìjòyè mìíràn. Ó bá Prempeh àti Yaa Akyaa níbẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1902, òyìnbó sọ Asante di ilẹ̀ tiwọn pátápátá. Yaa Akyaa kú ní 1917. Yaa Asantewaa kú ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá ọdún 1921, nígbà tó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún. Prempeh padà sílé ní 1924, lẹ́yìn náà ni wọ́n kó eegun àwọn tó kú sí Seychelles wá fún ìsìnkú tó yẹ wọ́n.

Àga Wúrà ńkọ́? Òyìnbó kò rí i rí. Inú ilẹ̀ ni àwọn Asante rì í mọ́. Ní nǹkan bí 1920, àwọn tó ń la ọ̀nà ṣe kòńgẹ́ rẹ̀, àwọn olè sì yọ lára wúrà rẹ̀ tà. Àwọn Asante fúnra wọn ló dá ẹjọ́ àwọn olè náà, ikú ni wọ́n dá fún wọn, ìjọba sì sọ ọ́ di lílé kúrò nílùú. Ìgbà náà ni ìjọba òyìnbó gbà pé àwọn kò ní béèrè Àga náà mọ́ láé. Ohun tí Hodgson fẹ́ gbà ní 1900 gan-an ni wọ́n fi sílẹ̀ yìí, nítorí náà ó nira fún mi láti gba ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sọ pé òfo ni ogun náà. Asante pàdánù òmìnira, wọ́n sì gba Àga náà là. Ní 1935, wọ́n dá ìjọba àpapọ̀ Asante padà, Prempeh Kejì sì di Asantehene.

Fún ìtàgé yín: ẹ má gbé e gun ẹṣin. Igbó kìjikìji ni Asante, eṣinṣin tsetse sì ń pa ẹṣin níbẹ̀. Ẹ wọ batakari fún un, ìyẹn bùbá ogun aláṣọ òfì tó nípọn, ẹ rán tírà aláwọ púpọ̀ mọ́ ọn lára níwájú àti lẹ́yìn. Àga Wúrà, bí ẹ bá máa gbé e jáde, ẹ gbé e lé àga mìíràn, kí ẹnikẹ́ni má jókòó lé e. Paálí àti àpò yanrìn lè di odi igi, ṣùgbọ́n ẹ mọ ọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ìtàgé níbi tí àwọn tó ń wòran kò ti ní tètè rí i. Ẹ má sì fi òyìnbó nìkan ṣe ọ̀tá. Púpọ̀ nínú àwọn tó kojú ìbọn odi wọ̀nyẹn ti Èkó àti Jẹ́bà wá, ẹ fún ọmọ méjì tàbí mẹ́ta ní ipa wọn, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀.